Ìkòkò Kan, Àpò Méjì: Èdè-Ìperí fún Ìwádìí Ọrọ̀ àti Àìdọ́gba Láàárín Àwọn Ará Ilé

Ní agbègbè Amuwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìletò kan wà tí ń jẹ́ Kuje. Ilẹ̀ Àwórì ni. Aládùúgbò rẹ̀ ni Festac Town, ìlú tí Ìjọba Àpapọ̀ kọ́ láti fi gba àwọn tí ó wá sí Àjọ̀dún Kejì ti Iṣẹ́-Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú àti ti Áfíríkà Lágbàáyé. Àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì. Nígbà tí àwọn àlejò ti padà sí ilẹ̀ wọn, ìbò ni wọ́n fi pín àwọn ilé náà fún àwọn tí ń wá ilé. Ìlànà ìbò náà ni pé ẹni tí ó bá ti ní ilé ní Èkó kò gbọdọ̀ kópa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní Kuje, ọ̀nà mìíràn ni ilé àti ilẹ̀ ń gbà dé ọwọ́ ènìyàn. Ẹni tí ó jogún wà, ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ wà, ẹni tí ó háyà yàrá kan ṣoṣo sì wà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ àkóso gómìnà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yé jogún, wọn kò sì yé rà, wọn kò yé tà.

Ọrọ̀ tí ó ti ọwọ́ ìbò wá àti ọrọ̀ tí ó ti ọwọ́ baba ńlá wá ni ó ń wo ara wọn lójú ní ibi kékeré yìí. Kò yani lẹ́nu bí onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ní, ẹni tí kò ní, àti bí àlàfo àárín wọn ti fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n kí ó tó ka náírà kan, ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lò, ọ̀rọ̀ náà ni ó sì sábà máa ń dà á.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mú ìwé-ìbéèrè lọ sí Kuje, tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé tí ilẹ̀kùn yàrá kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bá nínú ìwé rẹ̀ ni èyí: “Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn mélòó ni ó wà nínú ìdílé yín?” Obìnrin tí ó jókòó ti àtẹ ata rẹ̀ lè dáhùn báyìí: “Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìdílé wo lo ń bèèrè? Ti bàbá mi ni, àbí ti ọkọ mi?” Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè rò pé obìnrin náà kò gbọ́ ìbéèrè. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Atúmọ̀ tí ó kọ ìwé náà ni kò gbọ́ Yorùbá tí ó kọ.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣirò ìjọba ń lò níbí yìí ní ìtumọ̀ pàtó: àwọn tí ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí. Ìdílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orírun ni ìdílé ń tọ́ka sí. Ọmọ tí ó wà ní Londonu wà nínú ìdílé, òkú baba àgbà tí ó kọ́ ilé náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó tí ń se oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ kò sí nínú ìdílé ọkọ rẹ̀ ní ọ̀nà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi wà níbẹ̀. Ìwádìí N. A. Fadipe lórí àwùjọ Yorùbá, èyí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Londonu ní ọdún 1939 tí Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ jáde ní 1970, ti ṣe àlàyé ìlà ìran àti agbolé ní kíkún. Ẹni tí ó bá kà á kò yẹ kí ó tún fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Nínú ìwádìí ìgbé-ayé tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà ṣe ní 2018 sí 2019, ₦137,430 fún ẹnì kan ní ọdún kan ni wọ́n fi ṣe ààlà òṣì. Wọ́n kó gbogbo ohun tí àwọn ará ilé kan ná ní ọdún jọ, wọ́n sì fi iye orí wọn pín in. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí wà ní abẹ́ ààlà náà, ìdá 4.5 péré sì ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Kí olùkọ́ ìṣirò wo ohun tí ọ̀rọ̀ kan lè ṣe sí irú iye bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ará ilé kan bá ná ₦800,000 ní ọdún kan, tí wọ́n sì jẹ́ ènìyàn 5, ₦160,000 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọjá ààlà òṣì. Bí obìnrin náà bá ka ọmọ àbúrò rẹ̀ tí ń kọ́ṣẹ́ ní ọ̀nà Badagry mọ́ wọn nítorí pé “ìdílé” ni wọ́n bi í, wọ́n di 6. Ohun tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan di ₦133,333, gbogbo wọn sì di òtòṣì lórí ìwé. Kò sí ẹni tí ó pàdánù kọ́bọ̀ kan nínú ìṣirò yìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn atúmọ̀ ń lò kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹbí gbòòrò ju ìdílé lọ, ó sì kó ti ìyá mọ́ ti baba. Agbolé dára fún Ìbàdàn àtijọ́ tàbí Òǹdó, níbi tí ọgbà kan ti ń gba àwọn ọmọ baba kan. Ní ilé alágbàṣe ní Kuje, ènìyàn mẹ́wàá tí wọn kò bá ara wọn tan lè máa gbé nínú ọgbà kan. Ilé fúnra rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ jù: òun ni ògiri, òun ni ìran, òun sì ni ibi tí ènìyàn ń padà sí.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìtumọ̀ náà mu jù ni agbo-ìdáná. Ẹni tí ó bá ń jẹ níbi ìdáná kan náà wà nínú agbo náà. Ẹni tí kò bá jẹ níbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti lóye, kò sì mú ọ̀rọ̀ orírun wọlé. Àléébù rẹ̀ kan wà tí àwọn olótẹ̀wé ní láti ṣọ́ra fún. Bí ìwé-ìbéèrè kò bá ní àmì ohùn, ìdáná lè di ìdána, obìnrin tí wọ́n bi léèrè agbo rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ka iṣu àti àádùn tí wọ́n gbé wá fún ẹbí rẹ̀. Àwọn tí ń sọ pé àmì ohùn kò pọn dandan kò tíì fi ìwé-ìbéèrè ránṣẹ́ sí ojú pópó.

Irú ìṣọ́ra kan náà ni ó yẹ fún “olórí ilé”. Ìwé-ìbéèrè kan tí ó bá kọ baálé sí i ti yọ àwọn obìnrin kúrò kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin ni baálé. Atúmọ̀ tí ó bá sì fẹ́ ṣe àtúnṣe, tí ó wá fi ìyáálé dípò rẹ̀ fún obìnrin, tún ti ṣìnà: ìyàwó àgbà ni ìyáálé, ọkọ rẹ̀ sì ni ó fi í ṣe àgbà. Opó tí ó ń dá bọ́ ọmọ mẹ́rin kì í ṣe ìyáálé ẹnikẹ́ni. Olórí agbo-ìdáná tó, níwọ̀n bí orí kò ti ní akọ tàbí abo.

Àmọ́ ṣá o, bí agbo-ìdáná ti dára tó, ohun kan wà tí kò lè gbé. Àwọn oníṣirò gbà pé àwọn tí ń jẹ nínú ìkòkò kan ń ná láti inú àpò kan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Niara Sudarkasa, ẹni tí ó gbé ní Awé lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, fi ìwé kan tí ó jáde ní 1973 ṣàlàyé bí àwọn obìnrin ọlọ́jà ṣe ń fi owó ara wọn ṣòwò, tí èrè rẹ̀ sì jẹ́ tiwọn. Ọkọ lè fún aya ní owó ọbẹ̀, aya lè fi tirẹ̀ kún un, ọ̀kan lè san owó ilé-ìwé, èkejì a ra aṣọ. Ṣùgbọ́n ọkọ kì í mọ iye tí ó wà ní ìdí ìyàwó, ìyàwó kì í sì mọ iye tí ọkọ ń kó lọ fún ìyá rẹ̀. Ìkòkò jẹ́ ọ̀kan, àpò jẹ́ méjì, ó sì lè ju méjì lọ níbi tí orogún bá wà.

Ohun tí èyí ń ṣe sí ìṣirò àìdọ́gba kò kéré. Òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò jùlọ ni ti Corrado Gini, ará Ítálì, tí ó gbé e jáde ní ọdún 1912. Òdo ni òṣùwọ̀n náà nígbà tí iye tí gbogbo ènìyàn ní bá dọ́gba. Ó ń sún mọ́ 1 bí ohun gbogbo ti ń bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan. Bí agbo-ìdáná méjì bá wà, tí ₦100 ń wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, òdo ni òṣùwọ̀n Gini láàárín agbo méjèèjì, olùwádìí yóò sì kọ ọ́ pé kò sí àìdọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ọkọ àti aya nínú agbo kìíní bá ní ₦50 ₦50, tí ọkọ nínú agbo kejì ní ₦90 tí aya rẹ̀ sì ní ₦10, tí wọ́n wá ka àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ẹnì kọ̀ọ̀kan, òṣùwọ̀n náà fò láti òdo sí 0.3. Ibi tí àìdọ́gba náà wà ni inú ilé, níbi tí ìwé-ìbéèrè ti ti ilẹ̀kùn. Ní ọdún 1990, Lawrence Haddad àti Ravi Kanbur gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò pẹ̀lú àkọsílẹ̀ oúnjẹ láti orílẹ̀-èdè Philippines. Ohun tí wọ́n rí ni pé àìka inú ilé sí lè mú kí àìdọ́gba tí a wọ̀n fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí bí ó ti rí gan-an.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan kò tó. Agbo-ìdáná yóò dúró fún àwọn tí ń jẹ pọ̀. Àwọn tí ń ná pọ̀ ní láti ní orúkọ tiwọn, alápò-kan sì ni orúkọ tí ó rọrùn jù. Ọkọ àti aya lè jẹ́ agbo-ìdáná kan, kí wọ́n sì jẹ́ alápò-kan méjì. Gbólóhùn yìí yóò ṣe àjèjì sí etí ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá nínú ìwé rẹ̀ kò fi ààyè sílẹ̀ fún un. Ọlọ́jà Agboju kò ní bèèrè àlàyé.

Nípa ọ̀rọ̀ ọrọ̀ fúnra rẹ̀, èdè Yorùbá kò tòṣì rárá. Ọ̀pọ̀ ni ìṣòro rẹ̀. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1951 lórí ipò àti ọrọ̀ láàárín àwọn Yorùbá, ó sì kọ òmíràn lórí èsúsú ní 1952. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè mọ̀ pé olówó lè má jẹ́ ọlọ́rọ̀. Owó lè wọlé lónìí kí ó jáde lọ́la. Ọrọ̀ ń dúró. Ọlà jẹ́ ọrọ̀, ọlá jẹ́ iyì, ohùn kan péré ni ó sì yà wọ́n. Dúkìá, tí ó ti ọ̀dọ̀ Hausa wá, ń tọ́ka sí ohun tí ojú rí tí ó sì ṣeé jogún. Kí iṣẹ́ ìwádìí lè tọ́, ó yẹ kí á fi owó-ìwọlé sílẹ̀ fún ohun tí ń ṣàn, kí ohun-ìní dúró fún ohun tí ó ti jọ, kí ọrọ̀-àṣẹ́kù sì jẹ́ ohun tí ó kù nígbà tí wọ́n bá yọ gbèsè kúrò nínú ohun-ìní. Ẹni tí ó gba ilé Festac ní ọwọ́ ìbò, tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì ń wá déédéé, kò ní owó-ìwọlé púpọ̀, ohun-ìní rẹ̀ sì pọ̀. Ayálégbé rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ lè rí ní ìdà kejì èyí. Ìwé tí ó bá fi “ọrọ̀” bi àwọn méjèèjì yóò gba ìdáhùn méjì tí wọn kò ṣeé fi wé ara wọn.

Láti ọdún 2001, nígbà tí Deon Filmer àti Lant Pritchett fi hàn pé ohun-èlò inú ilé lè dúró fún owó tí ènìyàn kò fẹ́ sọ, ọ̀pọ̀ ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà ti ń ka ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fíríìjì, ilẹ̀ símẹ́ńtì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ìsọ̀rí márùn-ún láti orí òtòṣì dé orí ọlọ́rọ̀. Ọ̀nà náà gbọ́n, ó sì yá. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí nìkan ni ó ń kà. Owó àjọ tí ó wà lọ́wọ́ alájọ kò ní ariwo bí fíríìjì, ọwọ́ èsúsú tí yóò kàn ní oṣù tí ń bọ̀ kò sì sí lára ògiri. (Àwọn kan ń pe àjọ ní èsúsú. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: alájọ ń gba owó ojoojúmọ́ pa mọ́ fún olówó, nígbà tí ẹgbẹ́ èsúsú ń kó gbogbo owó fún ọmọ ẹgbẹ́ kan títí yóò fi yí po.) Méjèèjì sì jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń fi owó wọn sí. Ìwé tí kò bá ní ọ̀rọ̀ fún wọn ti sọ òwò obìnrin di àìsí.

Ará ilé àti ará àdúgbò náà jẹ́ ọrọ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Peter Marris ṣe ìwádìí ní Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ní àkókò náà, ìjọba ń wó àwọn ilé àtijọ́ ní àárín erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó lára àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Marris rí i pé ilé tuntun náà dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìnáwó pọ̀ sí i, àwọn obìnrin tí ń tajà jìnnà sí oníbàárà wọn, ìrànwọ́ láàárín ẹbí sì falẹ̀ nítorí pé ọ̀nà ti jìn. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri àti òrùlé nìkan ni ó kà, ìbá kọ ọ́ pé ọrọ̀ wọn pọ̀ sí i. Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n pàdánù.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó ní wàhálà ni àìdọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìwé ti gbà á, kò sì sí ìdí láti lé e jáde. Kí atúmọ̀ sáà mọ ohun tí ó ń gbé wọlé. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó ti gbọ́ pé ìka kò dọ́gba, Ẹlẹ́dàá ni ó sì dá ìka. Ẹni tí ó bá ka “àìdọ́gba ọrọ̀” lè ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn, kí olùwádìí tó fi iye kan hàn án. Ìpín ṣe tààrà jù ú lọ: níbi tí ìpín bá wà, ẹnì kan ni ó pín in, a sì lè bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ìpín náà ni orúkọ ohun tí ẹ̀dá yàn láti ọ̀run, ẹni tí ó ní ìpín òun kò dára kò retí pé kí ìjọba tún un ṣe. Àti ìbò! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pín ilé Festac ni babaláwo fi ń bi Ifá léèrè, òun náà ni ará ìlú fi ń yan gómìnà. Nínú ìwé ìwádìí, ìpínká ọrọ̀ ni yóò yẹra fún àyànmọ́: ó sọ pé ohun kan ti tàn ká, ó sì fi sílẹ̀ fún àkọsílẹ̀ láti sọ bí ó ti tàn ká àti ẹni tí ó tàn án. Àìdọ́gba ìpínká ni yóò wá jẹ́ ohun tí òṣùwọ̀n Gini ń wọ̀n.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá padà sí Kuje pẹ̀lú ìwé tuntun, ìbéèrè rẹ̀ yóò gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. “Màmá, àwọn wo ni wọ́n jẹun níbi ìdáná yín láti ìgbà òṣùpá tí ó kọjá? Nínú wọn, ta ni ó ń ná owó tirẹ̀ lọ́tọ̀? Kí ni ẹ̀yin fúnra yín ní, tí kì í ṣe ti Bàbá?” Ìbéèrè kẹta kò ṣeé bi í níwájú ọkọ rẹ̀, nítorí náà obìnrin ni ó yẹ kí ó bi í, ní ìdí àtẹ, nígbà tí oníbàárà kò sí. Yóò ka ara rẹ̀, ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò nawọ́ sí ọmọdébìnrin tí ń fọ abọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú wá láti ìgbèríko. Ó ń jẹun níbi ìdáná náà, nítorí náà ó wà nínú agbo. Kò ní àpò. Owó iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá wà, ọwọ́ ẹni tí ó mú un wá ni ó ń lọ. Àtẹ àkọsílẹ̀ ní láti ní òpó kan fún un, òpó náà kò sì tíì ní orúkọ.